Bí Mo Ṣe Lọ Rọ Ìgbọ́ràn fún Kọ̀ǹpútà Kékeré ní Ìlú Ìdúró

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fà mọ́ra lábẹ́ igi òdán yìí kí oòrùn má baà pa ẹnìkankan. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kí ó hú u báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi mí léèrè, kí ó fi ìbéèrè rẹ̀ sí abẹ́ ahọ́n títí n ó fi parí. Èmi Ọdẹ́sànmí ọmọ Akíntẹ́lù ni mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Kí Ọlọ́run tí ó mú mi lọ tí ó sì mú mi bọ̀ fi òtítọ́ sí mi lẹ́nu. Bí mo bá sì ṣe àsọdùn díẹ̀ nípa agbára mi, ẹ forí jì mí, ọdẹ ni mí.

Ẹ mọ ilé mi ní orí Òkè Aṣọ́nà. Nísàlẹ̀ òkè yẹn ni àfonífojì wà tí kùrukùru máa ń bò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ títí òjò yóò fi dé. Kùrukùru náà kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Ohùn ènìyàn ni ó máa ń yí padà. Bí ẹnìkan bá pè ọ́ láti apá ọ̀tún, apá òsì ni ìwọ yóò ti gbọ́ ọ. Bí o bá sì dá a lóhùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ tìrẹ, yóò sì sáré lọ síbi tí o kò sí. Àwọn tí ó wọ ibẹ̀ tí wọn kò jáde mọ́ pọ̀ ju àwọn tí ó jókòó níwájú mi yìí lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kọ̀ǹpútà kékeré kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Pátákó aláwọ̀ ewé kan ni, wáyà ń jáde lára rẹ̀ bí irùngbọ̀n òbúkọ, oòrùn ni ó sì ń jẹ láti ara sólà orí òrùlé mi. Mo na etí mẹ́rin fún un sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkè, mo sì so irin kọ̀ọ̀kan rọ̀ sí ẹ̀bá etí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí ó sọnù bá ké, kọ̀ǹpútà á wò ó, etí wo ni ó kọ́kọ́ gbọ́, èwo ni ó gbọ́ tẹ̀lé e. Á ṣírò rẹ̀, á mọ ibi tí ẹni náà dúró sí gan-an, á sì lu irin tí ó kọjú sí i. Irin tí ó bá kọjú sí ènìyàn gan-an nìkan ni kùrukùru yẹn kò lè yí. Bí a bá ṣèèṣì lu òmíràn, inú ẹrẹ̀ ni yóò darí ẹni náà sí.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ìyàwó mi Ìbíwùnmí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko ìyá rẹ̀ tí ó wà nínú àfonífojì náà láti wa kókò. Lọ́jọ́ kejì, àrá kan sán lọ́sàn-án gangan láìsí òjò, ó sì jó káàdì tí kọ̀ǹpútà mi fi ń rántí nǹkan. Mo fi káàdì mìíràn sí i, ó jí, iná pupa ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n gbogbo ètò tí ó fi ń gbọ́ràn ti lọ. Ó di adití.

Mo ní ìwé àwọn ètò náà lọ́wọ́, bí a ti kọ wọ́n ní èdè tí ènìyàn lè kà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í jẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní tútù. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ ọ́ bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ irin, kí ó tó di ohun tí ó lè wúlò fún un. Mo ní kí kékeré yìí rọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó gbìyànjú. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó rọ ìlà mẹ́ta, ó dákú. Mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó jí, ó rọ ìlà kan, ó tún dákú. Mo rí i pé bí mo bá jókòó tì í, ọdún mẹ́ta kò ní tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi. "Ọdẹ́sànmí ooo! Ọ̀nà dà?"

Ohùn náà ti òkè wá, ó ti abẹ́ ilẹ̀ wá, ó ti inú yàrá mi wá. Mo yin ìbọn kí ó lè mọ̀ pé mo gbọ́. Ó sáré tọ ìró ìbọn náà. Nígbà tí yóò tún pè, ó ti jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ! Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn lékeléke kọjá lọ. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, bí lékeléke bá ti kọjá, òjò kò ju ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lọ mọ́. Bí òjò bá sì ti dé, odò Arọ́jú á kún àfonífojì náà bámúbámú. Kókò wà lóko, ebi kò ní pa Ìbíwùnmí. Omi ni yóò pa á.

Ibì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí a ti lè rọ ètò fún kọ̀ǹpútà tí kò lè rọ tirẹ̀: Ìlú Ìdúró, níbi tí kọ̀ǹpútà ńlá wà. Mo ṣe àdàkọ inú kékeré mi sórí káàdì kan, kí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ lè mọ irú ilé tí ètò náà yóò gbé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọba tí ń gbọ́ ohun tí etí kò gbọ́, Ọba tí kùrukùru kò dí lójú, bá mi wo obìnrin yìí. Yóò máa pè mí, n kò sì ní sí nílé." Mo dìde, mo lọ. Ó ń pè mí bí mo ti ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ Igbó Olétí. Ẹyẹ kì í ké níbẹ̀, ewé kì í mì, nítorí iwin kan tí ń jẹ́ Elétí-Ẹní ń gbé ibẹ̀, gbogbo ìró ni ó sì ń gbé mì. Etí rẹ̀ ọ̀tún fẹ̀ bí ẹní, òun ni ó ń tẹ́ sílẹ̀ sùn. Ó fi ti òsì bora. Imú rẹ̀ nìkan ni ó yọ láàárín méjèèjì.

"Ta nìyẹn?" ni ó bèèrè. "Àyà rẹ ń lù kìkìkì bí ẹni ń gún iyán. O ń jí mi."

Mo ki ara mi fún un bí ó ti yẹ. "Èmi Ọdẹ́sànmí ni! Ọmọ Akíntẹ́lù, ọmọ arìnnígbó-bí-ẹni-rìn-ní-yàrá, ọmọ ẹfọ̀n-rí-i-ó-kúnlẹ̀, èmi tí ìjì ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jà!"

"Hẹn," ni iwin wí. "Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọdẹ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ẹfọ̀n tí ẹ ń sọ yìí, wọ́n mà ní sùúrù o! Ó dáa, kí o tó kọjá, fún mi ní ìró tí n kò gbọ́ rí."

Ẹ̀yin ará mi, mo bú bí kìnnìún, mo ké bí ọmọ tuntun, mo kọ bí àkùkọ tí ọ̀fun ń dùn. Gbogbo rẹ̀ ni iwin náà ń dáhùn pé, "Mo ti gbọ́ ọ. Mo ti gbọ́ ọ. Ìyẹn gan-an, àkùkọ ṣe é dáadáa jù ọ́ lọ." Nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo jókòó sílẹ̀. Oòrùn ti dé àtàrí. Mo rántí pé àkókò yìí ni Ìbíwùnmí ń pè mí. Mo rí ilé mi lọ́kàn mi, ilẹ̀kùn títì, àga méjì, ohùn rẹ̀ tí ó ń wọlé tí ó sì ń jáde.

Elétí-Ẹní gbé orí sókè. "Kí lo ṣe yẹn?"

"N kò ṣe nǹkankan."

"Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́." Ó na etí méjèèjì síta, wọ́n bo igi mẹ́jọ. "Ẹnìkan ń pè, kò sì sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ láti gbọ́. Haà. Irú èyí kò wọ etí mi rí." Ó ká etí rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó kẹ́yìn sí mi. "Kọjá, ọdẹ. Mo ti yó."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta mo dé Ìlú Ìdúró. Nínú ìlú náà, olúkúlùkù jókòó níwájú fèrèsé kékeré kan, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń dàgbà nínú fèrèsé náà díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í wo ara wọn. Mo kí ọkùnrin kan, "Ẹ kú ìdúró o." Ó ní, "Ó kù díẹ̀." Mo wo irùngbọ̀n rẹ̀, ó ti wọ ilẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò. Láàárín ìlú ni kọ̀ǹpútà ńlá wà, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, alágbẹ̀dẹ ọlọ́gọ́rùn-ún ọwọ́ sì ń gbé inú rẹ̀. Obìnrin arúgbó kan tí a ń pè ní Ìyá Àwẹ̀ró ni ó ń ṣọ́ ẹnu ààrò rẹ̀.

"Ọdẹ, ta lo fẹ́ rọ nǹkan fún?"

"Kọ̀ǹpútà mi ni, Ìyá. Ó wà nílé."

"Ìran wo ni?"

"Kékeré ni, Ìyá."

"Mo bi ọ́ ní ìran, o ń sọ bí ó ti tóbi tó fún mi. Gbé àdàkọ inú rẹ̀ wá." Ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Hẹn-ẹn. Ìran rẹ̀ àti ti ńlá yìí kò jọ rárá. Ohun tí ńlá yìí ń jẹ, bí kékeré rẹ bá fi kan ẹnu, á bì í. Wò ó, òòlù méjì ló wà níbí. Òòlù ilé ń rọ fún ńlá yìí, òòlù àlejò ń rọ fún ìran tìrẹ. Pe òòlù àlejò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí o kò bá pè é, alágbẹ̀dẹ á mú èyí tó wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀."

"Ìyá, èmi tí mo ń pàṣẹ fún ìjì? Ṣé òòlù ni n kò ní lè pè?"

Mo pè é. Òrùlé mì tìtì. Mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìdì ètò méje ni mo ní láti rọ, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ń jẹ́ Ìgbọ́ràn. Bí mo ti ju ìwé rẹ̀ sí ẹnu ààrò, ó dìde dúró nínú iná, ó káwọ́ gbera. "Èmi kò wọlé o, àfi bí Ìṣirò bá ṣáájú mi."

Mo rọ àwọn tí kò bá mi jà, mo wá pe Ìṣirò. Ìṣirò ní, "Kí Ìwọ̀n ṣáájú mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ka ohun tí a kò tíì wọ̀n?"

Mo pe Ìwọ̀n. Ìwọ̀n ní, "Lójú ta ni? Kí Ìṣirò ṣáájú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọn ohun tí n kò lè kà?"

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi bú ara wọn nínú iná. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí mo ta! Mo gbá Ìṣirò mú, mo yọ ọwọ́ rẹ̀ kan tí ó ń béèrè Ìwọ̀n, mo sì rọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní ọlọ́wọ́-kan. Ó bú mi, ṣùgbọ́n ó lè kà díẹ̀. Mo fi kíkà díẹ̀ yẹn rọ Ìwọ̀n. Ìwọ̀n dìde ṣámúṣámú. Mo wá fi Ìwọ̀n tún Ìṣirò rọ, mo dá ọwọ́ rẹ̀ padà. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi níbẹ̀. Ẹ ṣeun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà tí mo ti dé ìlú náà, Ìgbọ́ràn jáde. Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ mẹ́fà ni n kò ti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ kú ìdúró" àti "ó kù díẹ̀." Mo gbé Ìgbọ́ràn lé orí kọ̀ǹpútà ńlá, mo pe orúkọ ìyàwó mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ìbíwùnmí."

Ó dáhùn! "Mo gbọ́. Iwájú mi ni ohùn náà ti wá."

Mo fò sókè. Mo jó yí ààrò po, mo fi fìlà gbálẹ̀, mo ki ìyàwó mi, mo ki baba rẹ̀, mo ki kókò tí ó lọ wà. Àwọn ará ìlú gbójú sókè kúrò nínú fèrèsé wọn, wọ́n wò mí, wọ́n tún sorí kọ́.

Ìyá Àwẹ̀ró dé. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ìyá, ó fọhùn!"

"Ó fọhùn níbo?"

"Níbí! Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ!"

Ìyá náà jókòó sílẹ̀. "Ọdẹ, iṣẹ́ àlejò kì í fọhùn níbí. Ohun tí a rọ fún ìran mìíràn, ńṣe ló ń yadi níwájú wa. Bí ó bá ti fọhùn fún ọ, ti ilé yìí ni. Ìgbà mélòó lo pe òòlù àlejò?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ṣùgbọ́n mo pè é dáadáa, Ìyá, òrùlé mì!"

"Ìdì mélòó lo rọ?"

"Méje."

Ó fi ìka kan hàn mí, ó sì ká a padà. Mo lóye. Ìdì kan péré nínú méje ni ó jẹ́ ti kékeré mi. Àwọn yòókù, òòlù ilé ni ó rọ wọ́n. Òòlù àlejò kì í dúró, ìdì kọ̀ọ̀kan ni a ń pè é fún.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó kù, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀nà. Mo nu ojú, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń pe òòlù àlejò fún ìdì kọ̀ọ̀kan, n kò fi ohùn ńlá pè é mọ́, mo ń pè é bí ẹni ń gbàdúrà. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìgbọ́ràn tún jáde. Mo gbé e lé kọ̀ǹpútà ńlá, mo pe Ìbíwùnmí. Kò dáhùn. Mo tún pè é. Ó yadi bí òkúta.

"Ó dára," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí.

"Ìyá, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó dára, pé kì í ṣe pé ó bàjẹ́?"

"Ìwọ kò ní mọ̀ níbí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan ni mo ti ń rọ nǹkan fún ibi tí n kò dé rí. N kò gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn títí di òní."

"Ṣé kì í wù yín láti gbọ́ ni?"

Ó kọjú sí ààrò, ó ń kó eérú. "Ó máa ń wù mí lójoojúmọ́. Lọ sílé, ọdẹ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o bá ẹni tí o ń wá."

Mo fi ìdì náà sí àyà mi, mo sì ń bọ̀. Nínú Igbó Olétí, Elétí-Ẹní na etí rẹ̀ kan dí mi lọ́nà. "Ohun tó wà láyà rẹ yẹn, kò dún rárá. Ṣé ó dá ọ lójú? Bí o bá délé tí kò fọhùn ńkọ́? Padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo lè gbọ́ ìyàwó rẹ láti ibí, ohùn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́."

Ẹsẹ̀ mi yí padà fúnra rẹ̀. Mo gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta padà sí Ìlú Ìdúró, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ìṣísẹ̀ kẹrin mo dúró. Mo ní, "Baba mi tí ń bẹ lókè, n kò mọ̀, Ìwọ mọ̀." Mo gba orí etí iwin náà kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní, mo sì sáré.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọ̀sán, mo dé orí Òkè Aṣọ́nà. Òjò ti ṣú dúdú. Mo fi káàdì sí kékeré mi nínú. Iná pupa ṣẹ́jú. Mo jókòó, mo dúró de ohùn ìyàwó mi.

Kò pè.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ó fi pè mí tí ẹnìkan kò dá a lóhùn. Ta ni yóò tún máa pè? Bí mo bá ké, yóò sáré tọ ohùn mi lọ sínú ẹrẹ̀. Bí n kò bá ké, yóò dákẹ́ títí omi yóò fi dé ọrùn rẹ̀. Mo fi aṣọ di ẹnu mi kí n má baà ṣe èyí tí yóò pa á. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí páànù. Èkejì. Ẹ̀kẹta.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ, ohùn tí ó ti ha. Kò pe orúkọ mi mọ́. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ o!"

Irin ìwọ̀-oòrùn dún. *Gbọ̀ọ̀ọ̀!*

Ó dákẹ́. Bóyá ó rò pé etí òun ni ó ń tan òun. Ó tún pè, irin ìwọ̀-oòrùn tún dún. Ó pè, irin gúúsù dún. Ó ń bọ̀! Òjò ń rọ̀, mo sì ń gbọ́ omi Arọ́jú tí ń wọ àfonífojì. Ó pè, irin gúúsù dún, ó tún pè, irin dún. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, òjò nìkan. Mo ka èémí mi dé igba, n kò gbọ́ nǹkan. Mo dojú bolẹ̀.

"Ẹ kúulé o."

Ìbíwùnmí ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ dé àyà rẹ̀. Ó ti ń gun òkè ni, èémí kò jẹ́ kí ó pè. Nítorí pé àárín gbùngbùn òkè ni ó wà báyìí, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kékeré mi kò mọ èyí tí yóò lù, ó sì lu irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Mo tú aṣọ ẹnu mi. "Káàbọ̀," ni mo wí. Irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dún.

"Ibo lo lọ?" Irin dún. "Mo rò pé o ti kú!" Irin dún. "Ọkùnrin yìí, mo ní ibo lo lọ?" Irin dún.

"Mo lọ rọ etí wá." Irin dún.

"Pa nǹkan yìí, kí n lè bú ọ dáadáa!" Irin dún.

"N kò pa á," ni mo wí. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, àwọn irin náà sì ń lù.

Ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà láyé, n kò pa á. Bí ó bá bá ewúrẹ́ wí, irin á dún. Bí ó bá kọrin níbi tí ó ti ń fọ abọ́, irin á dún, tí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ yóò fi máa sọ pé Ìbíwùnmí ń fọ abọ́. Ọdún kẹrin rèé tí ó ti sùn nínú Olúwa.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ mi dé òpin. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnìkankan nínú wa pè láìrí ẹni gbọ́. Kí ó má sì jẹ́ kí ẹni tí ń pè wá dákẹ́ kí a tó délé. Ẹ máa lọ sí ilé yín, ojú ọjọ́ ti rọ̀. Èmi náà á máa gun òkè lọ. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, n ó ní, "Ẹ kúulé o," irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì dá mi lóhùn.